Ọ̀ọ́dúnrún Ìbéèrè Zoulfath

Ẹ bi mí ní ìbéèrè ogójì. Jíìmù ni. Ẹ bi mí ní igba. Álífù ni. Ẹ jí mi lójú oorun, ẹ bi mí ní ìkẹrìnlélógún, màá dáhùn kí n tó lajú: dáálì. Ọ̀ọ́dúnrún ni wọ́n, gbogbo wọn ló wà lórí mi báyìí, mi ò sì mọ ohun tí ẹyọ kan nínú wọn ń béèrè.

Èmi ni Àáfà Issiaka. Ẹ béèrè mi ní Tchaourou, wọn á ní, "Ṣé Àáfà oníbìínú yẹn, tó ní ilé kéwú lẹ́bàá títì Parakou?" Wọn ò purọ́ mọ́ mi. Mo máa ń bínú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní kéwú lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé mi. Ẹni tó bá fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbọ́ kí ọmọ máa pe báà ní táà, tí kò sì bínú, ẹ yẹ etí rẹ̀ wò, àfàìmọ̀ kó má ti dití. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí, ara mi ni mo ń bínú sí.

Zoulfath ni àbígbẹ̀yìn mi, òun nìkan ló kù nílé. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn tó yege BAC, ìdánwò àṣeparí ilé ìwé girama, ó kúnlẹ̀ níwájú mi pé òun fẹ́ lọ sí yunifásítì ní Parakou, kí òun lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Mo ní rárá. Mo ní ta ni yóò máa mójú tó o níbẹ̀? Ìyá rẹ̀, Bintou, sọ̀rọ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Mo ní rárá. Ọmọ náà kò jà, kò sì sunkún lójú mi. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Abdel, ọmọkùnrin kan tó ń tún tẹlifóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí ibùdókọ̀, ó ń bá a ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń wò ó bó ṣe ń jáde láàárọ̀ tó ń wọlé nírọ̀lẹ́, tí "rárá" yẹn sì ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹyin lohùn. Ó ti bọ́ lẹ́nu mi, ó ti fọ́.

Nígbà tó di ọdún yìí, Ọlọ́run tún ṣílẹ̀kùn kan. Ilé iṣẹ́ kan ní Parakou tó ń tún kọ̀ǹpútà àwọn ilé ìwé ṣe ní àwọn yóò gba Zoulfath, bó bá ti lè mú ìwé ẹ̀rí kan wá kí oṣù kẹfà tó parí. Ìwé ẹ̀rí tí ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe máa kọ́kọ́ ń gbà ni. Orí kọ̀ǹpútà náà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan tó ń ran àwọn ọmọbìnrin lọ́wọ́ sì bá a gba àyè ìdánwò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo o. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i: bó bá ṣubú, kò sí ìkejì.

Lọ́jọ́ tó kà á fún wa, mo sọ fún ara mi pé, Issiaka, àyè rèé láti tún ohun tí o bàjẹ́ ṣe. Mi ò sọ ìyẹn síta. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ó ku oṣù méjì. Bẹ̀rẹ̀ lónìí!"

Ó bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀ o! Ó gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wálé láti ṣọ́ọ̀bù Abdel, ó tẹ́ ẹní sẹ́yìnkùlé, ó mú túnẹfíìsì tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì, ó sì tú gbogbo ìfun nǹkan náà síta. Ó kó àwọn nọ́ọ̀tì sínú agolo tòmátì. Á mú èyí, á yẹ̀ ẹ́ wò, á kì í bọ ibí, á tún yọ ọ́, á wo ìwé ńlá kan tó ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á wá máa rẹ́rìn-ín lóun nìkan. Ọjọ́ kìíní, mo wò ó. Ọjọ́ kejì, mo wò ó. Ọjọ́ kẹta, inú mi ru.

"Zoulfath! Ìdánwò lo fẹ́ ṣe ni, àbí o fẹ́ di alágbẹ̀dẹ?"

"Bàbá, ẹ̀kọ́ náà ni mò ń kọ́ yìí."

"Ẹ̀kọ́ wo? Mi ò gbọ́ ohùn rẹ. Ẹni tó bá ń kẹ́kọ̀ọ́, à á gbọ́ ohùn rẹ̀!"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Bintou tó ń po òrí lẹ́bàá ògiri gbójú sókè, ó ní, "Àáfà, ẹ fi ọmọ sílẹ̀ jàre. Ṣé ẹ mọ ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ni?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Faransé tí mo gbọ́ kò kọjá "bonjour" àti "merci". Ọmọ mi fẹ́ wọ odò, èmi bàbá rẹ̀ dúró létí bèbè, mi ò mọ bí omi náà ṣe jìn tó. Kí ni mo lè fi ràn án lọ́wọ́?

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, mo ti mọ́sálásí dé, mo rí ìdìpọ̀ ìwé kan lórí ẹní rẹ̀. Ó ní Abdel ló rí i lórí tẹlifóònù tó tẹ̀ ẹ́ jáde fún òun. Ọ̀ọ́dúnrún ìbéèrè ló wà níbẹ̀, ìdáhùn mẹ́rin mẹ́rin lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, A, B, C, D, wọ́n sì ti fi àmì sí èyí tó tọ̀nà.

Mo rọra jókòó. "Ìdáhùn wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ̀nyí gan-an ni wọ́n máa bi wá. Abdel ní kí n kàn fi mọ bí wọ́n ṣe máa ń béèrè nǹkan ni."

Háà! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ìdáhùn wà nílẹ̀, ó ń tú nọ́ọ̀tì! Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo há Kùránì sórí látòkè délẹ̀ kí n tó pé ọmọ ogún ọdún. Ìgbà náà, mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ti dàgbà kí ìtumọ̀ tó máa wá bá mi, díẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ bàbá mi nìyẹn, bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn: há a sórí ná, ìtumọ̀ á bá ọ lọ́nà. Ohun kan tí mo mọ̀ ọ́n ṣe láyé yìí rèé, ó sì wá jẹ́ òun gan-an ni ọmọ mi nílò. Inú mi dùn débi pé mo gbé ìdìpọ̀ ìwé náà mọ́ àyà.

Mo ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákísà bí àgbà. Kó nọ́ọ̀tì rẹ. Láti ọ̀la, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ìwọ àtèmi ni."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé..."

"Mo ti sọ̀rọ̀ tán!"

Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wò mí. Zoulfath kó nọ́ọ̀tì.

Nítorí pé mi ò lè ka Faransé, Zoulfath á ka ìbéèrè kan sí mi létí, èmi á fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ nọ́ńbà rẹ̀ àti ìdáhùn rẹ̀ sórí tákàdá mi. A di álífù, B di báà, C di jíìmù, D di dáálì. Mẹ́wàá lóòjọ́. Tó bá di àárọ̀, àwọn ọmọ kéwú á ti jókòó yí wa ká pẹ̀lú wàláà wọn lórí itan, èmi á mú pàṣán mi dání, màá pe nọ́ńbà.

"Méjìlélọ́gọ́ta!"

"Báà."

"Mẹ́tàlélọ́gọ́ta!"

"Álífù. Bàbá, èyí ń béèrè ìdí tí ẹ̀rọ fi máa ń gbóná tó fi ń kú lójijì. Ṣé ẹ rí i, tí fáànù inú rẹ̀ bá ti..."

"Ṣé mo bi ọ́ ní fáànù ni? Kí ni ìdáhùn?"

"Álífù."

"Ó tán nìyẹn!"

Bí ó bá dúró ronú, màá fi pàṣán na ilẹ̀. Mi ò na ọmọ o, ilẹ̀ ni mo ń nà, ṣùgbọ́n eruku á sọ. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ kéwú náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá a dáhùn. Mo kọ́kọ́ jágbe mọ́ wọn. Lẹ́yìn náà mo jẹ́ kí wọ́n máa wí, nítorí ohùn púpọ̀ máa ń jẹ́ kí nǹkan tètè wọ orí. Àwọn èrò títì á dẹwọ́ eré ọ̀kadà wọn, wọ́n á máa wò wá. Inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Lálẹ́ tí ó bá jẹun tán, Zoulfath á tún máa yí lọ sọ́dọ̀ agolo rẹ̀. Màá wúkọ́. Á fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Bàbá, àwọn tí mo fi ọwọ́ ara mi tú, mi ò kì í gbàgbé wọn. Àwọn tí à ń há yìí, wọ́n ń dàrú mọ́ mi lórí."

Mo ní, "Wọ́n ń dàrú nítorí pé o ò tíì tún un kà tó."

Mo wí bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi yìí náà ni mo fi wí i.

Lọ́jọ́ tó ka ọ̀ọ́dúnrún náà tán láìṣì, mo ní kí Bintou pa àkùkọ, bí a ti ń ṣe fún ọmọ tó bá parí apá kan nínú Kùránì. Àwọn ọmọ kéwú jẹ lára rẹ̀. Zoulfath náà jẹ, ó ń wolẹ̀. Bintou gbé ẹran fún mi, ó ní, "Àáfà, kí Ọlọ́run jẹ́ kí àkísà yín ó bo ọmọ yìí o." Mo ní àmín. Mo rò pé àwàdà ló ń bá mi ṣe.

Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹfà ni ìdánwò. A wọ tàkìsí lọ sí Parakou láàárọ̀ kùtù. Mo ń pe nọ́ńbà, ó ń dáhùn. Obìnrin kan tó jókòó tì wá, tó gbé àpò iṣu lé ẹsẹ̀, rò pé àdúrà ni à ń ṣe. Bí Zoulfath bá ti wí "jíìmù", òun á wí "àmín". Mi ò tún un ṣe fún un. Àmín kì í pọ̀ jù. Nígbà tí a kọjá Tchatchou, Zoulfath fọwọ́ kàn mí. Ọwọ́ rẹ̀ tutù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dákẹ́ díẹ̀."

Nílé ìdánwò, wọ́n gba tẹlifóònù rẹ̀ àti àpò rẹ̀ lẹ́nu géètì. Ó kúnlẹ̀, mo ṣàdúrà, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lórí. Ó wọlé. Aṣọ́nà kan tó jẹ́ ọmọ Bàríbá, tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, fún mi láyè lórí bẹ́ńṣì rẹ̀. Mo yọ tẹ̀súbà mi. Kí Ọlọ́run foríjì mí, ìbéèrè kọ̀ǹpútà ni mo fi tẹ̀súbà náà ń kà. Mo ní bí èmi bá ń wí i níta, bóyá á máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn nínú.

Mo ti dé àádọ́sàn-án nígbà tí ọmọkùnrin kan jáde. Òun ti parí tirẹ̀. Ó ń nu ojú, ó kí mi ní Yorùbá àwọn ará Savè, ó bi mí pé kí ni Bàbá ń kà bẹ́ẹ̀. Mo fi ìgbéraga sọ fún un. Mo ní ọmọ mi wà nínú ilé, ó há ọ̀ọ́dúnrún ìdáhùn sórí, kò ṣi ẹyọ kan.

Ó wò mí. "Ọ̀ọ́dúnrún. Lẹ́tà wọn nìkan?"

"Lẹ́tà wọn. Ẹ bi mí ní èyí tó bá wù yín."

"Mais, Bàbá." Ó fọwọ́ pa orí. "Kọ̀ǹpútà ló ń yan ìbéèrè fún kálukú níbẹ̀. Ìbéèrè tèmi kò jọ tẹni tó jókòó tì mí. Kódà bí ó bá tiẹ̀ jọ, ìdáhùn kì í dúró sójú kan. Èyí tó wà ní A lọ́dọ̀ tèmi, ó lè wà ní D lọ́dọ̀ tirẹ̀. Bí èèyàn ò bá mọ ohun tí wọ́n ń bi í..."

Ó rí ojú mi. Ó ní, "Ọlọ́run á ṣe é, Bàbá," ó sì gun ọ̀kadà lọ.

Mo jókòó síbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo dìde.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n wọlé. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ bá ọmọ mi sọ."

"Papa, wọn kì í wọlé."

"Ọ̀rọ̀ kan!"

"Papa, ẹ jókòó."

Àwọn fèrèsé wà ní títì pa, ẹ̀rọ amúlétutù ń dún gìrìrì lára ògiri. Mo mọ̀ pé ó wà lẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn, mi ò mọ èwo. Mo di irin géètì mú, mo kígbe: "Zoulfath! Gbàgbé lẹ́tà! Gbàgbé ohun tí mo kọ́ ọ! Rántí agolo rẹ! Zoulfath!"

Aṣọ́nà náà di ọwọ́ mi mú. Kò fi agbára dì í, ó rọra dì í bí ọmọ ṣe ń di ọwọ́ bàbá rẹ̀. Ó ní, "Papa, bí ẹ bá tún pariwo, wọn á lé ọmọ yín jáde."

Ohùn yìí, tí ọmọ fi ń sá wọlé láti ìkángun títì, mo gbé e mì. Mo jókòó lórí bẹ́ńṣì, omi ń bọ́ lójú mi, mi ò sì nù ún. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kì í ṣípò. Ibi tí bàbá mi ti bá a ni èmi náà ti bá a. Mo rò pé gbogbo ohun tí èèyàn ń kọ́ láyé bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọmọ mi sọ fún mi. Ó fẹ́ ṣàlàyé, mo ní mo ti sọ̀rọ̀ tán. Àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn ló ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà, àfi pé èmi ni mo ṣe àìmọ̀kan, ọmọ mi ni ológbò wà níwájú rẹ̀.

Ó lé ní wákàtí kan kó tó jáde. Ó mú tákàdá kan lọ́wọ́. Kò sunkún. Ó gba àpò rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ aṣọ́nà, a jọ rìn dé ibi tí a ti máa wọ mọ́tò kó tó lanu.

"Àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni èèyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó yege. Mẹ́tàdínláàádọ́rin ni mo ní."

Mo gba àpò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Níbi tí wọ́n ti ní kí a to ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà sí ààyè wọn, mi ò pàdánù ẹyọ kan. Mo tò wọ́n wéré. Àwọn yòókù ni, Bàbá. Bí mo bá ti rí ìbéèrè tí mo mọ̀, ohùn yín ni mò ń gbọ́ létí: jíìmù! Ọwọ́ mi á ti tẹ C kí n tó kà á tán. Tí mo bá wá kà á, màá rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo fi máa dẹ́kun gbígbọ́ ohùn yín, àkókò ti lọ."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ó bá fi ìbínú sọ ọ́ ni, ì bá sàn fún mi. Tàkìsí gbéra. Nígbà tí a dé Tchatchou, àwọn olùtà iṣu sáré wá sí fèrèsé wa, ó mi orí fún wọn, ó wá yíjú sí mi.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mo já yín kulẹ̀."

Ẹ gbọ́ mi o! Òun ló ń bẹ̀ mí! Mo la ẹnu láti sọ pé èmi ni, pé lẹ́ẹ̀kejì nìyí tí mo di ọ̀nà mọ́ ọn. Mo kàn ń mi orí títí a fi dé Tchaourou.

Bintou rí wa, kò béèrè. Ó gbé omi ìwẹ̀ kalẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ni mo tó jẹ́wọ́ fún un pé ẹ̀bi mi ni. Ó ń bó ẹ̀wà nínú omi lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, "Àáfà, kì í ṣe èmi ló yẹ kí ẹ sọ ọ́ fún."

Mo mọ̀. Mo mọ̀ o. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ó di ọ̀la.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹfà, ilé iṣẹ́ Parakou pè é lórí tẹlifóònù. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí àyè náà. Mo gbọ́ ọ tó ń wí pé, "D'accord, tonton, kò burú. Ẹ ṣeun, tonton." Lẹ́yìn náà ó gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà ru, ó gbé agolo nọ́ọ̀tì lé e, ó dá a padà fún Abdel.

Lọ́jọ́ kejì mo kírun àsùbáà, mo pinnu. Mo ní, Issiaka, lónìí, kí o tó fọwọ́ kan wàláà kankan, lọ sọ ọ́ fún un. Mo pẹ́ díẹ̀ lórí ẹní ìrun nítorí ẹ̀rù ń bà mí. Nígbà tí mo fi máa jáde, Zoulfath ti ń gbálẹ̀ iwájú ilé. Àwọn ọmọ kéwú sì ti dé sábẹ́ máńgòrò. Wọn ò rí Àáfà, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n mọ̀ jù. Ọ̀kan ń pe nọ́ńbà, àwọn yòókù ń gbè é.

"Ìkẹrìnlélógún!"

"Dáálì!"

Zoulfath dúró. Ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo gbé pàṣán sókè kí wọ́n dákẹ́, mo sì lanu kí n pe orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ rí pàṣán, wọ́n rò pé mo ní ohùn àwọn ò tíì ròkè tó, wọ́n túbọ̀ ń kígbe lọ.

"Ogójì!"

"Jíìmù!"

Wọ́n ń pariwo gidi, wọ́n ń wo ojú mi bóyá màá yìn wọ́n. Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. Zoulfath kò yíjú, kò sì kúrò níbẹ̀. Àwa méjèèjì dúró, a gbọ́ ọ títí dé ọ̀ọ́dúnrún. Wọn ò ṣi ẹyọ kan.